Ipá àti Ìrìn: Òfin Mẹ́ta Newton ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀rọ̀ ìrìn. Kí ní í mú ohun tí ó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í rìn? Kí ní í mú ohun tí ń rìn dúró? Kí ní í sì mú un yà kúrò ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òfin mẹ́ta dáhùn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1687. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní ilé-ìwé girama tí kì í pàdé wọn.

Bí a bá ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ka òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn yóò kà wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì geere. Bí a bá wá ní kí wọ́n ṣe àlàyé wọn fún ìyá wọn ní ilé, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ. Èyí kò fi hàn pé àwọn òfin náà le. Ọmọ tí ó ti pọn omi rí, tí ó ti ti ọmọláńkẹ́, tí ó sì ti ta òkòtó, ti rí iṣẹ́ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó gbọ́ orúkọ Newton. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan bá a so ohun tí ó ti rí pọ̀ mọ́ ohun tí ó ń kọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá ní ilé àwọn onífísíìsì. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ẹ̀kọ́ náà yóò dàrú. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ nǹkan rú. Ọ̀rọ̀ náà ni agbára.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń wí pé ẹni tí ó ti ọkọ̀ jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ lo agbára. A máa ń wí pé oúnjẹ ń fún ni ní agbára. A sì tún máa ń wí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ní agbára ju ti òmíràn lọ. Kò sí èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni onífísíìsì rí níbẹ̀. Èkíní ni títì tàbí fífà tí ohun kan ń ti òmíràn tàbí tí ó ń fà á. Èkejì ni ohun tí ó wà ní ìpamọ́ tí a lè fi ṣe iṣẹ́, irú èyí tí ó wà nínú oúnjẹ àti nínú bẹntiróòlù. Ẹ̀kẹta ni bí iṣẹ́ ti ń yá tó: ẹ́ńjìnnì méjì lè gbé ẹrù kan náà gun òkè kan náà, kí ọ̀kan lo ìṣẹ́jú méjì, kí èkejì sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí a bá fi agbára pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àbá tí mo mú wá ni pé kí a pe èkíní ní ipá, kí a fi agbára sílẹ̀ fún èkejì, kí a sì pe ẹ̀kẹta ní ìyára-iṣẹ́. Ipá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. A ń wí pé wọ́n fi ipá mú ẹnìkan; a ń wí pé ẹnìkan sa ipá rẹ̀. Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnìkan ń lò lára ẹlòmíràn, èyí gan-an sì ni físíìsì ń fẹ́. Bẹntiróòlù tí ó wà nínú táńkì ní agbára, ṣùgbọ́n kò ti ohunkóhun. Ìgbà tí ó bá jó nínú ẹ́ńjìnnì ni a tó rí ipá.

Kí olùkọ́ má ṣe fi àmì ohùn ṣeré níbí o. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni ó wà lórí ipá tí à ń wí yìí. Ó yàtọ̀ sí ipa, bí ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Ó sì yàtọ̀ sí ìpá, tí í ṣe àìsàn kan tí ń ṣe ọkùnrin. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i dáadáa yóò sọ kíláàsì físíìsì di ibi ẹ̀rín.

Àṣìṣe tí ó pẹ́ láyé

Kí Newton tó dé, èrò kan ti jọba fún ìgbà pípẹ́. Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì tí ó kú ní ọdún 322 kí a tó bí Jésù, kọ́ àwọn ènìyàn pé ohun kan kò lè máa rìn láìjẹ́ pé nǹkan ń tì í, àti pé ohun tí ó wúwo ń yára já bọ́ ju ohun tí ó fúyẹ́ lọ. Ohun tí ojú rí ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jáwọ́ lára ọmọláńkẹ́, ṣebí yóò dúró? Bí a bá ju òkúta àti ìyẹ́ adìẹ sílẹ̀ papọ̀, ṣebí òkúta ni yóò kọ́kọ́ dé ilẹ̀?

Àwọn kan kò gbà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú Jésù, John Philoponus tí ó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá jẹ́ kí ohun méjì já bọ́ láti ibi gíga kan náà, bí ọ̀kan tilẹ̀ wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ìyàtọ̀ tí yóò wà láàárín àkókò tí wọn yóò fi dé ilẹ̀ kéré jọjọ. Lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́ ni Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì (1564–1642), fi ọ̀rọ̀ náà sí ìdánwò. Ó ń yí bọ́ọ̀lù kéékèèké sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń fi omi tí ń ṣàn jáde láti inú ohun èlò kan wọn àkókò. Ó ronú pé bí bọ́ọ̀lù bá sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó kan tí ó sì ń gun òmíràn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ibi gíga tí ó ti wá. Bí a bá ṣe ń tẹ́ pákó kejì sí i, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà yóò máa rìn jìnnà sí i. Bí pákó kejì bá wá tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́, tí kò sì sí ohunkóhun tí ń dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́? Kò sí ìdí tí yóò fi dúró.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọláńkẹ́ tí a jáwọ́ lára rẹ̀ dúró nítorí pé ipá kan ń dá a dúró: ipá ìfarakanra tí ó wà láàárín táyà àti ilẹ̀, àti láàárín irin àti irin níbi tí táyà ti ń yí. Ipá yìí kan náà ni ó ń sọ òkòtó di ohun tí ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ó sì ṣubú nígbẹ̀yìn. Ní ti ìyẹ́ adìẹ, afẹ́fẹ́ ni ó ń dá a dúró lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wọ ọkọ̀ Apollo 15 dé orí òṣùpá, David Scott ju òòlù kan àti ìyẹ́ àṣá kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ balẹ̀ ni, gbogbo ayé sì rí i lórí ẹ̀rọ tẹlifíṣàn.

Òfin kìn-ín-ní

Òfin kìn-ín-ní wí pé: ohun tí ó dúró yóò dúró síbẹ̀, ohun tí ń rìn yóò sì máa rìn lọ tààrà ní eré kan náà, àfi bí ipá kan láti òde bá yí i padà.

Ìwà tí òfin yìí ń ṣe àlàyé ni mo dábàá pé kí a pè ní ìtakú. Ohun tí ó dúró takú pé òun kò ní rìn. Ohun tí ń rìn takú pé òun kò ní dúró, òun kò sì ní yà. Ẹ wo ọmọ tí ó ru omi sínú garawa. Bí ó bá ta kìjí gbéra, omi yóò dà sí ẹ̀yìn, nítorí pé garawa ti lọ nígbà tí omi ṣì fẹ́ dúró. Bí ó bá dúró lójijì, omi yóò dà sí iwájú. Ẹni tí ó mọ omi í rù kì í ta kìjí; díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbéra, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dúró.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí omi yìí ni ń ṣẹlẹ̀ sí èrò inú ọkọ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì, tí gbogbo èrò sì dojú dé síwájú, ọ̀pọ̀ rò pé nǹkan kan ni ó tì wọ́n. Kò sí ohun tí ó tì wọ́n. Ọkọ̀ ni ó dúró. Ara wọn ṣì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ.

Apá kan wà nínú òfin yìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbójú fò, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tààrà. Ọmọdékùnrin tí ó fi òkúta sínú kànnàkànnà tí ó sì ń fì í yí ká orí rẹ̀ ń fi okùn fa òkúta náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá tú okùn sílẹ̀, òkúta kò ní tún yípo mọ́. Yóò gba ọ̀nà tí ó dojú kọ ní ìṣẹ́jú náà lọ. A rí i pé ipá ni ó ń mú nǹkan yà, kódà bí eré rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

Òfin kejì

Òfin kìn-ín-ní sọ fún wa pé ipá ní í yí ìrìn padà. Òfin kejì sọ bí ìyípadà náà yóò ti tó. Bí ipá bá ti pọ̀ tó ni eré yóò ti yára yí padà tó; bí ohun tí a ń tì bá sì ti takú tó ni eré rẹ̀ yóò ti lọ́ra yí padà tó.

Ohun tí ó ń fi bí nǹkan ti takú tó hàn ni ìwọ̀n-ara rẹ̀, tí a ń fi kílò kà. Ìwọ̀n-ara yàtọ̀ sí ìwúwo. Ìwọ̀n-ara ni bí ohun tí ó para pọ̀ di nǹkan náà ti pọ̀ tó. Ìwúwo ni ipá tí ilẹ̀ ayé fi ń fà á sọ́dọ̀. Orúkọ Newton ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n ipá. Ẹni tí ìwọ̀n-ara rẹ̀ jẹ́ kílò 60, ilẹ̀ ayé ń fi ipá tí ó tó newton 588 fà á. Bí ó bá dé orí òṣùpá, ìwọ̀n-ara rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò ní kílò 60, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò dín kù sí bí i newton 97.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọláńkẹ́ ṣe ìṣirò. Ká ní ọmọláńkẹ́ òfìfo jẹ́ kílò 50, ipá tí ó sì kù lẹ́yìn tí a ti yọ ti ìfarakanra kúrò jẹ́ newton 100. Tí a bá fi kílò pín ipá, a ó rí i pé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mítà 2 fún ìṣẹ́jú-àáyá ni eré rẹ̀ yóò máa lé sí i. Bí a bá di ẹrù lé e títí ó fi di kílò 200, tí ipá kò sì yí padà, ìdajì mítà péré ni yóò máa lé sí i. Ìlọ́po mẹ́rin ni ìtakú rẹ̀ fi pọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni ìyípadà eré rẹ̀ wá jẹ́.

Ìdí nìyí tí òkúta ńlá àti òkúta kékeré fi jọ ń balẹ̀. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ayé ń fa òkúta ńlá jù, ṣùgbọ́n òkúta ńlá náà takú ju kékeré lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí ó jèrè nípa fífà, ó pàdánù rẹ̀ nípa ìtakú.

Òfin kejì yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọkọ̀ tí ń sá eré kílómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí búréèkì bá ń dín eré rẹ̀ kù ní mítà 7 fún ìṣẹ́jú-àáyá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò rin nǹkan bí mítà 14 kí ó tó dúró. Bí eré náà bá jẹ́ kílómítà 100 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yóò dáhùn pé mítà 28. Mítà 55 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò rìn kí ó tó dúró di ìlọ́po mẹ́rin. A kò sì tíì ka ibi tí ó rìn kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan búréèkì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ tún wo ìyá tí ó gbé ọmọ kílò 10 sí orí ẹsẹ̀ ní iwájú ọkọ̀ tí ń sá kílómítà 50 ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ náà bá forí sọ ògiri, tí ọmọ náà sì ní láti dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ipá tí ó lè dá a dúró tó newton 1,390. Bí ẹni pé kí ìyá náà gbé ẹrù kílò 140 ni, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta dín díẹ̀. Ìfẹ́ abiyamọ kò kéré, ṣùgbọ́n apá abiyamọ kò lè gbé e. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ń pariwo sísá eré àsápajúdé àti ìgbànú inú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ òfin kejì yóò mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan dá a dúró lójú ọ̀nà.

Òfin kẹta

Òfin kẹta wí pé: nígbàkígbà tí ohun kan bá ti òmíràn, òmíràn náà yóò tì í padà pẹ̀lú ipá tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ní ìdojúkọ kejì.

Ọdẹ tí ó yin ìbọn ṣakabùlà mọ̀ pé bí ọta ti ń lọ síwájú ni ìdí ìbọn ń gbá èjìká òun sẹ́yìn. Apẹja tí ó fò láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté mọ̀ pé ọkọ̀ yóò sún sẹ́yìn. Àwa tí a ń rìn pàápàá, ẹsẹ̀ wa ni ó ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ni ó sì ń tì wá síwájú. Lórí ẹrẹ̀ tí ń yọ̀, ẹsẹ̀ kò rí ilẹ̀ tì, ilẹ̀ kò sì rí ẹsẹ̀ tì padà. A ó sì ṣubú.

Àwọn kan ń pe ipá kejì yìí ní èsì. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ní í ṣáájú èsì, bẹ́ẹ̀ ni ipá méjèèjì kò ṣáájú ara wọn rárá. Ó yá mi lára láti pè wọ́n ní ipá ìbejì. Ṣùgbọ́n ìbejì tí kò ní Táíwò, tí kò ní Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ìṣẹ́jú kan náà ni a bí wọn, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n sì ń kú.

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní làákàyè yóò béèrè: bí ipá méjèèjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn, kí ni ó dé tí wọn kò pa ara wọn rẹ́? Báwo ni ọmọláńkẹ́ ṣe ń rìn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìbejì yìí kì í gbé ilé kan náà. Ọ̀kan wà lára ọmọláńkẹ́, èkejì wà lára ẹni tí ń tì í. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọláńkẹ́ yóò rìn, ipá tí ó wà lára ọmọláńkẹ́ nìkan ni a ó kà: bí ipá ọwọ́ bá ju ti ìfarakanra lọ, yóò gbéra. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ń tì í yóò lọ síwájú, a ó ka ipá tí ọmọláńkẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn àti èyí tí ilẹ̀ fi ń tì í síwájú.

Èdè wo ni Newton kọ?

Àwọn kan yóò wí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni àwọn òfin wọ̀nyí. Èdè Látìn ni Newton fi kọ ìwé ọdún 1687 náà. Ọdún 1729, ìyẹn ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Andrew Motte tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ọdún 1759 ni ìtumọ̀ tí obìnrin kan, Émilie du Châtelet, ṣe sí èdè Faransé jáde, lẹ́yìn tí òun náà ti kú. Galileo ní tirẹ̀ fi èdè Ítálì, èdè ìlú rẹ̀, kọ púpọ̀ nínú ìwé tí ó ṣe lórí ìrìn ní ọdún 1638.

Wàhálà tí agbára ń fún wa kò ṣàì bá àwọn náà. Ọ̀rọ̀ Látìn kan ṣoṣo, *vis*, ni wọ́n ń lò fún ohun púpọ̀. Newton fúnra rẹ̀ pe ìtakú ní *vis*, bẹ́ẹ̀ ni ó tún pe ipá tí ń ti nǹkan ní *vis*. Ní ọdún 1686 ni Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá àríyànjiyàn kan sílẹ̀ lórí ohun tí a lè fi wọn *vis* ohun tí ń rìn, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé sì fi jà sí i. Ohun tí a ń pè ní ipá àti ohun tí a ń pè ní agbára ni wọn kò tíì yà sọ́tọ̀. Èdè wọn kò kú nítorí èyí. Wọ́n jókòó, wọ́n pín ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ẹnu kò.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 ni ìjọba fagi lé e. Ohunkóhun tí òfin ìjọba ìbáà wí, olùkọ́ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ṣì lè fi Yorùbá là á yé ọmọ tí kò yé.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo fẹ́ kí olùkọ́ mú lọ kò pọ̀. Kí ó ya ipá sọ́tọ̀ kúrò lára agbára, kí ó sì ya ìwọ̀n-ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìwúwo, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dárúkọ ipá kan, kí ó bi í pé: kí ni ó ń ti kí ni? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè dárúkọ ẹni tí ń tì àti ẹni tí a ń tì, a jẹ́ pé kò sí ipá níbẹ̀. Ìbéèrè kan yìí yóò tú èrò tí ń dojú dé nínú ọkọ̀, òkúta inú kànnàkànnà àti ọmọláńkẹ́ palẹ̀.

Bí àwọn onífísíìsì bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìtakú tàbí ìyára-iṣẹ́ lọ, kí wọ́n mú un wá, a ó gbà á. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo wa lo ọ̀kan náà, kí ọmọ tí ó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́ má ṣe bá agbára tí ó ti sọ di mẹ́ta ní ibì kan kí ó tún di ọ̀kan ní ibòmíràn.